Àgbébọ̀ Tó Dé Orí Tábìlì Rẹfirí

"Òní kẹ̀? Malume, òní yìí tí a ní àṣekágbá?"

Falesi gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú kúrò lórí aṣọ funfun tó ń lọ̀, kó má baà jó o, ó sì gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Malume Biliati dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìrì òwúrọ̀ ti rin ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó he owó.

"Òní ni. Àwọn ará Mai Chimbalanga ló ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn ò lè dúró di oṣù tó ń bọ̀ mọ́. Kí oòrùn tó mú, àkùkọ wọn á ti wọ agbolé yìí. Kí lo fẹ́ kí n wí? Kí n ní kí wọ́n gbé e padà?"

"Kí ló ń lé wọn? Ṣebí àwọn náà ló dá oṣù tó ń bọ̀. Ta ló wá sọ ọ́ di òní?"

"Ẹni tó ń bọ̀ wá bò ọ́ láṣìírí, o tún ń yan ọjọ́ fún un!"

Ó fi àgbọ̀n júwe inú yàrá. Ibẹ̀ ni Tiyanjane wà, ọmọbìnrin Falesi, tó ń fi aṣọ wé ikùn tí aṣọ ò lè bò mọ́. Gbogbo wa ládùúgbò la mọ̀ pé Limbani, ọmọ Mai Chimbalanga, obìnrin olówó ọlọ́kọ̀ ẹja yẹn, ló fún un lóyún. Àwa la mọ̀, àwa náà la tún ń dá ìyá rẹ̀ dúró lọ́nà odò, tí à ń bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ń gbé àkùkọ bọ̀. Nítorí níbí, ọmọ tí ẹbí ọkọ ò bá gbé àkùkọ wá fún, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ò sì gbé àgbébọ̀ lé wọn lọ́wọ́ padà, kò tíì lọ́kọ, bó bí ogún.

Bẹ́ẹ̀ Mai Chimbalanga yìí kan náà ló ni Mphepo, ẹgbẹ́ nẹ́tíbọ́ọ̀lù tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ Mvuu figagbága lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ta ni rẹfirí? Falesi ni.

"Malume, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi," Falesi ní. "Òfin wà. Ẹni tó bá ní ẹbí tàbí àna nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣeré ò gbọdọ̀ fọn fèrè fún wọn. Bí àkùkọ yẹn bá wọlé láàárọ̀ yìí, àna mi ni Mai Chimbalanga lọ́sàn-án. Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá lọ́la. Ọ̀la ò kúkú jìnnà."

"Òfin ta ni? Òfin àwọn tí ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù! Ṣé bọ́ọ̀lù ló máa bá ọ gbọ́ bùkátà ọmọ-ọmọ? O mọ obìnrin yẹn. Kò sí ẹja usipa tí ẹnu kan ń jẹ níbí tí kì í ṣe inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ló ti jáde. Ṣé èmi Biliati ni kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí n ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ àbúrò mi ń fọn fèrè lọ́wọ́, ẹ ṣì máa lọ'? Wọn ò ní padà wá, Falesi! Tí wọ́n bá lọ pẹ́nrẹ́n, wọ́n lọ nìyẹn."

Agogo, ìyá Falesi, tí gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí ó ti di ìyá àgbà, jókòó sẹ́bàá ààrò, ó ń pa ẹ̀pà. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí itan rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ sẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ariwo adìẹ. Àgbébọ̀ kan ṣoṣo tó ní ló mú, pupa yẹn tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn rárá, tí gbogbo ọmọdé àdúgbò ń pè ní Ọlọ́rùn-pípá. Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀pà.

Ọ̀rọ̀ parí. Áyọ́ọ̀nù ti tutù. Falesi ká aṣọ funfun náà pẹ̀lú ìhunjọ rẹ̀, ó lọ wá ìyẹ̀fun tí wọ́n máa fi ro nsima fún àlejò, nítorí ìgbà tí àgbàdo wọ́n bí ojú la wà, ìyẹ̀fun tó wà nílé ò tó ẹnu àwọn onílé.

Ẹ̀yìn ọgbà esùsú ni Mai Zelesi ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ lawọ́, ẹnu rẹ̀ ò sì ní ìlẹ̀kùn.

"Ẹ kú oríire o, ìyá ìyàwó! Àwọn kan ò ní rẹfirí, àwọn kan ò ní àna. Ẹ̀yin fi ẹyọ kan kó méjèèjì."

"Ìyẹ̀fun ni mo wá tọrọ, Mai Zelesi, kì í ṣe èébú."

"Ta ló ń bú yín? Ẹ jókòó. Mo kàn ń ronú àwọn ọmọ Mvuu ni. Kí ẹnì kan bá wa sọ fún wọn kí wọ́n má wulẹ̀ fọ bàtà."

"Mi ò fọn èrú rí. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó bu ìyẹ̀fun sínú igbá, ó bù kún un, ó tún bù kún un. "Ìyẹn ló fi dùn mí. Obìnrin yẹn ò lè rà yín, ló bá lọ fẹ́ yín."

Falesi gba igbá. Òtítọ́ ni obìnrin náà sọ. Falesi kì í ṣe rẹfirí ẹ̀rín. Ó ti fọn fèrè mọ́ ọmọ pásítọ̀, ó ti fọn ọ́n mọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un. Àwọn aláṣẹ eré náà a máa fún un ní owó ọkọ̀ bí wọ́n bá rántí, bí wọn ò bá sì rántí, á fi ẹsẹ̀ rìn ín, bàtà funfun rẹ̀ á wà nínú ọ̀rá lábẹ́ abíyá. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ni pé bó bá ń kọjá, àwọn ọmọge á ní, "Ẹ wò ó, ìyẹn kì í ṣojúsàájú." Ó kéré lójú yín? Kò kéré lójú ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn.

Nídìí ààrò, Tiyanjane ń bá a dá iná.

"Màmá, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀ ń sọ. Ẹ ṣáà sọ fún wọn. Tí Bambo Kaliwo akọ̀wé bá ti bèèrè kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń bèèrè, ẹ ní àna yín ni. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn wo? Rẹfirí kejì gan-an, ìlú Salima ni wọ́n ti mú un wá. Bí mo bá sọ ọ́, eré ò níí wáyé, ojú á ti Mai Chimbalanga lójú gbogbo ayé. Ṣé o rò pé àkùkọ ẹni tí ojú tì ṣì máa sùn nínú ilé yìí?"

"Limbani ò lè kọ̀ mí."

"Limbani? Limbani tí ìyá rẹ̀ ń ra sálúbàtà fún?"

"Màmá, ẹ ṣáà sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá ṣe, kí wọ́n ṣe é."

Falesi mú orógùn, ó ń fi ro nsima títí òógùn fi ń kán lójú rẹ̀.

Wọ́n dé lóòótọ́ kí oòrùn tó mú. Bambo Saiti, ẹ̀gbọ́n Mai Chimbalanga, ló ṣáájú. Àkùkọ funfun ńlá wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ẹsẹ̀ àkùkọ náà pọ́n, ogbe orí rẹ̀ ń mì. Malume Biliati fún wọn ní ẹní. Falesi wọ yàrá, ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí ìyá kì í sọ̀rọ̀ níbi àkùkọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó lóyún rẹ̀, tó bí i, tó tọ́ ọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni àyè rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ló ń sọ ọ́.

Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n tún ara wọn kí. Àkùkọ bọ́ sọ́wọ́ Malume, Ọlọ́rùn-pípá bọ́ sọ́wọ́ Saiti. Bí adìẹ ṣe kúrò lọ́wọ́ bọ́ sọ́wọ́ báyìí, ìyá ilé ló yẹ kó ké igbe ayọ̀. À ń retí Agogo. Agogo ń wo àgbébọ̀ rẹ̀. Mai Zelesi ló bá wọn ké e láti ẹ̀yìn ọgbà, kí ìtìjú má baà pọ̀.

Wọ́n jẹ nsima, wọ́n fi usipa jẹ ẹ́, wọ́n mu. Bí wọ́n ṣe ń dìde, Saiti rọra sún mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi kí ìyá ìyàwó. Ó ní ẹ óò pàdé ní pápá lọ́sàn-án. Ó ní inú ilé kan náà la wà báyìí."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló tún kù?

Wọn ò tíì dé ìkóríta tí Falesi fi jáde. "Malume, ẹ gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni."

"Ọ̀rọ̀ àgbà! Wọ́n ní kí n ṣèké!"

"Ta ló dárúkọ èké? Ojú ènìyàn a máa rẹ̀ ẹ́, Falesi. Oòrùn á mú, eruku á sọ, ènìyàn á ṣẹ́jú. Gbogbo ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ ni pé kó o ṣẹ́jú." Ó ń fi ìka nu àwo tí Saiti jẹ kù. "Ìwọ wò ó, tí oyún yẹn bá di ọmọ láìsí bàbá, fèrè lo máa so mọ́ ọn lọ́rùn?"

Falesi wọ aṣọ funfun rẹ̀. Ó mú fèrè níbi tó fi kọ́ ògiri, ó so ó mọ́ ọrùn. Àkùkọ funfun wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi okùn so ó mọ́ gbòǹgbò. Ó ń ti ibẹ̀ wò ó bó ṣe ń jáde.

Ẹ ò rí pápá lọ́jọ́ náà! Wọ́n ti fi eérú fa ilà rẹ̀, ó funfun báláú. Ará Mphepo lápá kan, ará Mvuu lápá kejì, àwọn ọmọdé lórí igi. Ibi tábìlì àwọn aláṣẹ ni ìbòòji wà, Mai Chimbalanga ló sì ni ìbòòji náà. Bọ́ọ̀lù tuntun méjì, òun ló rà á. Ọkọ̀ tó gbé àwọn aláṣẹ wá, òun ló bu epo sí i. Ìkòkò ìrẹsì àti ẹja chambo tó wà lábẹ́ tábìlì, òun ló sè é. Òun fúnra rẹ̀ jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga, Limbani dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi agboòrùn bò ó. Tiyanjane náà wá. Ó dúró ní ìwọ̀n ibi tí ojú rẹ̀ àti ti Limbani lè pàdé, ó fi ìborùn bo ikùn.

Bambo Kaliwo, akọ̀wé àwọn aláṣẹ, dìde. Bó ṣe máa ń ṣe rè é kí eré tó bẹ̀rẹ̀: á bi àwọn rẹfirí méjèèjì létí gbogbo ayé. Ó ń fi igi ìtayín fa ẹja jáde láàárín eyín rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bi obìnrin tó ti Salima wá, ìyẹn ní kò sí. Ó kọjú sí Falesi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mai Falesi? Ṣé ẹ ní ẹbí, tàbí àna, tàbí ẹni tó ṣe yín lóore, nínú ẹgbẹ́ méjèèjì tó fẹ́ pàdé yìí?"

Falesi wo Mai Chimbalanga. Mai Chimbalanga ń wo bọ́ọ̀lù. Ó wo Tiyanjane, ọmọ náà mi orí díẹ̀, bí ẹní ń sọ pé, ẹ wí i. Ohun tó ń rò, ó sọ ọ́ fún Mai Zelesi lẹ́yìn náà, Mai Zelesi sì sọ ọ́ fún gbogbo wa: bí òun bá lè fọn òtítọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ni àna fi kàn án? Òun á dákẹ́ gba àkùkọ fún ọmọ òun, òun á sì fi fèrè san gbèsè Ọlọ́run. Ẹnikẹ́ni ò níí pàdánù nǹkan kan.

"Kò sí, Bàbá," ó ní.

Mo rí Limbani. Ó gbé ojú kúrò lára Tiyanjane, ó wolẹ̀.

Kaliwo jókòó padà sídìí ẹja rẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló jẹ sẹ́nu! Kò sí ẹni tó bi òun náà ní ìbéèrè.

Eré bẹ̀rẹ̀. Kí n má parọ́, n kò rí fèrè tó dára tó ti ọjọ́ yẹn rí. Falesi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà bí ọmọge. Bí Mphepo bá ṣẹ̀, fèrè. Bí Mvuu bá ṣẹ̀, fèrè. Àwọn ará Mphepo tó ti gbọ́ nípa àkùkọ ń fọwọ́ tọ́ ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ sára wọn létí, "Àna wa! Àna wa!" Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Mai Chimbalanga nìkan ni ojú rẹ̀ ò yí padà.

Eré ń parí lọ, góòlù kan péré ló kù kí Mphepo bá Mvuu dọ́gba. Ọ̀nà tí Falesi ń ṣọ́ ni Mphepo ń jù sí. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Modesta, ọmọ gíga yẹn tí kì í tàsé. Ó fò gbà á, ó balẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Òrùka irin fi díẹ̀ jìnnà sí i. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún náà síwájú wuuru nínú eruku, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù wọlé gbà á.

Ṣùgbọ́n fèrè ti dún kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó gbé ẹsẹ̀," Falesi ní. Ó na ọwọ́ sí Mvuu, nítorí nínú nẹ́tíbọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ tó bá kọ́kọ́ balẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí bọ́ọ̀lù á fi kúrò lọ́wọ́.

Ipa ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, gbọọrọ, nínú eruku. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí rí i. Modesta fúnra rẹ̀ rí i, ó fọwọ́ bojú. Kò pẹ́ sí i tí eré parí, Mvuu jáwé olúborí, ariwo sọ. Àwọn ará Mphepo tú wọ pápá. "Ó ti gbowó! Mvuu ti fún un lówó!" Ọkùnrin kan dúró sórí ipa ẹsẹ̀ náà gan-an, ó ń jó, ó ń fi bàtà pa á rẹ́.

Mai Chimbalanga ò pariwo. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Limbani, lọ bá mi gbé nǹkan yẹn wá nínú ọkọ̀."

Limbani ò mira.

"Ṣé mo ń bá igi sọ̀rọ̀ ni?"

Ó lọ. Nígbà tó padà dé, agbọ̀n kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ adìẹ, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, láàárín ife ẹ̀yẹ àti àwo ẹja Kaliwo. Àgbébọ̀ pupa. Ọlọ́rùn-pípá. Àwọn ọmọdé orí igi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, wọ́n lọgun, "Adìẹ Agogo!"

"Bambo Kaliwo, ẹ má bínú," Mai Chimbalanga ní. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Èmi ò jà. Mi ò sì ní rẹfirí yín ò mọ iṣẹ́. Ẹ ṣáà bá mi bi í bóyá ó mọ adìẹ yìí."

Falesi dúró, fèrè wà láàárín ìka rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní.

"Ta ló gbé e fún wa?"

"Ẹ̀gbọ́n màmá mi."

"Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí."

"Nítorí kí ni?"

Ta ni kò mọ ohun tí àgbébọ̀ wà fún níbí?

"Mo bi yín, Mai Falesi," Kaliwo ní. "Létí gbogbo ayé ni mo bi yín. Kí lẹ wí?"

"Mo ní kò sí."

"Àna wa ni, ó sì sẹ́ wa," Mai Chimbalanga ní. "Eré tí rẹfirí fi irọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣé eré nìyẹn? Kí a tún un ṣe ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Ẹ̀yin náà ò ṣe sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bèèrè?" Mai Zelesi ti ń lọgun láàárín èrò.

"Wọn ò bi mí."

"Ẹ bá wa bi Kaliwo náà pé ẹja ta ló wà lẹ́nu rẹ̀!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kaliwo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó fẹsẹ̀ ti àwo wọ abẹ́ tábìlì. Òun àti àwọn aláṣẹ yòókù sọ̀rọ̀ sára wọn létí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn fagi lé eré náà, wọ́n á tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n ní kí Falesi gbé fèrè sílẹ̀ títí àwọn á fi ránṣẹ́ sí i. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó bọ́ okùn náà kúrò lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, adìẹ na ọrùn pípá rẹ̀, ó ṣá a jẹ.

Olórí àwọn ọmọ Mvuu wá bá a bó ṣe ń lọ. Ojú ọmọ náà pọ́n.

"Mai, ẹ mọ̀ pé àna yín ni wọ́n, ẹ sì wá fọn fèrè fún wa?"

"Ọmọ mi, òtítọ́ ni mo fọn. Ìwọ náà rí i."

"Ti òní, mo rí i. Gbogbo èyí tí ẹ ti ń fọn bọ̀ ńkọ́? Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ìyẹn ló pa Falesi. Kì í ṣe ti Kaliwo, kì í ṣe ti adìẹ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé pẹ̀lú bàtà funfun lẹ́sẹ̀, kò rántí bọ́ ọ sínú ọ̀rá.

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀rọ̀ tó gba àdúgbò kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan ní òmùgọ̀ ni, ó ní àna olówó, ó fi ẹsẹ̀ tì í. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àbí kí ni wọ́n ń pè ní ẹni tó sẹ́ àna rẹ̀? Àwọn kan ní Mvuu ló fún un ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mai Zelesi nìkan ló ní kí wọ́n wo ọgbọ́n Mai Chimbalanga: bí Mphepo bá borí, àna ló bá wọn ṣe é, bí wọn ò bá borí, adìẹ wà nínú ọkọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ tirẹ̀?

Malume Biliati ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú ilé, ó ń pariwo. "Ẹsẹ̀! Nítorí ẹsẹ̀! Báwo ni ẹsẹ̀ ọ̀hún ṣe rìn tó? Ó dé ìlú mìíràn ni? Ó dé Joni ní Gúúsù Áfíríkà? Ọmọ ènìyàn fa ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, o wá fi ba ti gbogbo wa jẹ́!"

Falesi jókòó lórí àpótí.

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí Bambo Saiti yọ ní ìkóríta. Òun nìkan ni. Ó di Ọlọ́rùn-pípá lẹ́sẹ̀ mú, orí rẹ̀ ń fì. Kò jókòó lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún un.

"Wọ́n rán mi ni," ó ní, kò wo ojú ẹnì kankan. "Adìẹ yín rè é. Ẹ bá wa gbé tiwa."

Malume ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ti ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn àgbà jókòó, pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kò tíì sọ ọ́ débì kan tí Tiyanjane fi jáde láti ẹ̀yìn ilé. Ó ti tú okùn àkùkọ funfun náà. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ò jẹ́ kó rọrùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Saiti.

"Limbani ní kí n..." Saiti ní. Kò parí rẹ̀. Ó gba àkùkọ, ó sì yí padà.

Ọmọ náà ò dìde lẹ́sẹ̀ kan náà. Malume ti tún bẹ̀rẹ̀. "Ṣé o rí i? Ṣé ojú rẹ ti wá là báyìí? Nítorí ẹsẹ̀ tí ẹnì kankan ò rí..."

"Malume, ó gbé ẹsẹ̀," Tiyanjane ní.

"Kí lo wí?"

"Modesta gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Gbogbo ayé ló rí i."

Falesi gbójú sókè, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán nìyẹn tí nǹkan kan tàn lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ láti bá a gbé ara ró. Tiyanjane ò gba ọwọ́ náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀, ó dìde.

"Ti fèrè, ẹ ò jẹ̀bi, Màmá. Mo wà níbẹ̀ náà nígbà tí Bambo Kaliwo bèèrè. Limbani wà níbẹ̀. Àwa méjèèjì ń wo ẹnu yín." Ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún. "Wọ́n ní ṣé ẹ ní àna, ẹ ní kò sí. Èmi ni 'kò sí' yẹn."

Ó wọ yàrá.

Agogo tú ẹsẹ̀ àgbébọ̀ rẹ̀. Ó wo ìyẹ́ rẹ̀ apá kan, ó wo èkejì, ó sì fi agbọ̀n bò ó mọ́lẹ̀ sẹ́bàá ààrò. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìkòkò. Ó ní nsima àárọ̀ ṣì kù, kí wọ́n wá jẹ ẹ́ kó tó bàjẹ́.

Kò sẹ́ni tó dìde.